Àwọ̀ Tí A Lè Jẹ: Ìrìn-àjò Wa sí Takon

Ilẹ̀ pupa ni ó máa ń kọ́kọ́ kí àlejò káàbọ̀ sí Takon. Bí ọkọ̀ bá ti fi Àjàṣẹ́ sílẹ̀, tí ó kọjú sí àríwá, tí ariwo ìlú ńlá sì ń rẹlẹ̀ lẹ́yìn wa, ọ̀nà á bẹ̀rẹ̀ sí í la àárín ọ̀pẹ kọjá, ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà á sì pupa bí ẹni pé wọ́n da osùn sí i. Ilẹ̀ yìí ni àwọn Faransé ń pè ní terre de barre. Òun ni ó ń bọ́ àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ ní ibi púpọ̀ nínú ẹkùn Plateau, ẹkùn tí ó kó Ifangni, Ṣakẹ́tẹ́, Adja-Ouèrè, Pọ́bẹ̀ àti Kétu pọ̀ sójú kan. Kò yani lẹ́nu pé Pọ́bẹ̀ ni wọ́n dá ibùdó ìwádìí nípa ọ̀pẹ sílẹ̀ sí ní ọdún 1922. Takon, tí ó wà lábẹ́ kọ́múùnù Ṣakẹ́tẹ́, kò lókìkí tó Pọ́bẹ̀, kò sì ní ìtàn ọba tó gùn bíi ti Kétu. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ti ibẹ̀ wá mọ̀ pé pupa ilẹ̀ náà kì í kúrò lára bàtà lọ́jọ́ kan.

Ní ìparí oṣù Kejìlá, nígbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, àwa àgbà mẹ́rin àti ọmọ mẹ́ta kóra wa sínú ọkọ̀ kan láti lọ kí àbúrò ìyá wa ní Takon. Àwa méjì ń gbé ní Àjàṣẹ́. Àwọn méjì yòókù àti àwọn ọmọ ti ìlú Strasbourg dé, ní ẹkùn Alsace, níbi tí odò Rhin ti pààlà sáàárín ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Jámánì. Nínú ẹrù tí wọ́n gbé dé ni pátákó kan wà, tí wọ́n fi aṣọ wé bí ọmọ tuntun. Nígbà tí a tú u, igi fífín ni a bá. Kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, àwòrán mẹ́fà sì ni ó wà lójú rẹ̀: ẹyẹ, ẹja, òdòdó, ìràwọ̀, àgbò àti ẹni tó gun ẹṣin. Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé àwọn àwòrán náà kò yọ síta bíi ti ère tiwa. Inú igi ni wọ́n wọ̀ lọ, bí ìgbà tí ẹsẹ̀ ẹran bá tẹ ẹrẹ̀ tí ẹrẹ̀ náà sì gbẹ.

Pátákó òǹtẹ̀ ni. Àwọn ará gúúsù Jámánì, àwọn ará Switzerland àti àwọn ará Alsace ni wọ́n ń fi irú rẹ̀ ṣe bisikíìtì ọdún Kérésìmesì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Springerle. Iṣẹ́ náà ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Láti ọ̀rúndún kẹrìnlá ni wọ́n ti ń ka ọjọ́ orí pátákó tó lọ́jọ́ lórí jù lọ nínú èyí tí ó kù. Igi líle tí ara rẹ̀ dán, bí igi èso píà, ni wọ́n fẹ́ràn láti fín. Àwọn àwòrán Bíbélì wà lára àwọn pátákó àtijọ́. Ti ìgbéyàwó wà, ti ọmọ tuntun wà, ti jagunjagun orí ẹṣin náà wà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe bisikíìtì náà kò le, sùúrù ni ó gbà. Wọn á lu ẹyin àti ṣúgà pọ̀ títí tí yóò fi funfun tí yóò sì nípọn, wọn á wá po ìyẹ̀fun mọ́ ọn pẹ̀lú èso anís tó ń ta sánsán. Wọn kì í sábà fi bọ́tà tàbí òróró sí i. Ohun tó ń mú un wú látijọ́ ni iyọ̀ kan tí wọ́n ń rí láti ara ìwo àgbọ̀nrín. Bí wọ́n bá ti na ìyẹ̀fun náà tán, wọn á tẹ pátákó mọ́ ọn, wọn á gé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn á sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ojú rẹ̀ lè gbẹ. Gbígbẹ yìí ni àṣírí iṣẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n bá gbé e sínú ààrò tí iná rẹ̀ kò gbóná jù, ojú tó ti gbẹ kò ní lè wú. Ìsàlẹ̀ ni yóò wú, àwòrán òkè á sì wà bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó bá fẹ́ á mú búrọ́ọ̀ṣì, yóò sì kun ẹyẹ àti òdòdó ní àwọ̀ tó wù ú. Àwọn mìíràn lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀bùn, tí wọ́n sì ń so ó kọ́ igi Kérésìmesì.

Èrò tiwa rọrùn. Àwọn ọmọ wa mọ bisikíìtì yìí ju bí wọ́n ṣe mọ Takon lọ. A rò pé bí a bá gbé ohun tí wọ́n mọ̀ lọ sí ibi tí wọn kò mọ̀, ọ̀nà á kúrú fún wọn. A wá bá ara wa ṣe àdéhùn kan: a kò ní ra àwọ̀ kankan ní ilé ìtajà. Àwọ̀ tí agbo ilé ìyá wa, ọgbà rẹ̀ àti ọjà Takon bá lè fún wa nìkan ni a ó lò.

Oníwàrà ni ìyá wa yìí. Gbogbo ayé ló ń pè é ní Ìyá Oníwàrà, àwa ọmọ ilé náà sì ti gbàgbé pé ó ní orúkọ mìíràn. Nígbà tí a kúnlẹ̀ kí i tán, tí ó ti gbá àwọn ọmọ mọ́ra ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a gbé pátákó náà lé e lọ́wọ́. Ó fi àtàǹpàkò tọ ojú ẹyẹ náà yíká, ó rẹ́rìn-ín, ó ní:

“Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ère ni ẹ wá fẹ́ máa jẹ báyìí?”

Ìbéèrè náà kì í ṣe àwàdà lásán. Ilẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni a wà. Láti Kétu dé Pọ́bẹ̀, dé Ṣakẹ́tẹ́, títí wọ ilẹ̀ Nàìjíríà, a mọ ohun tí igi fífín tí a kùn ní àwọ̀ ń ṣe. Àjọ UNESCO pàápàá kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún tó tọ́ kí gbogbo ayé bá wa tọ́jú, ó sì wọ inú ìwé àjọ náà ní ọdún 2008 lórúkọ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran. Ṣùgbọ́n ẹfun, osùn, aró, búlúù tí a fi ń fọ aṣọ, àti ọ̀dà inú agolo tó dé lẹ́yìn wọn, ojú ni gbogbo wọn wà fún nígbà tí a bá fi wọ́n kun ère. Kò sí ẹni tó ń fi ahọ́n kan ère wò. Àwọ̀ tí ojú ń jẹ yàtọ̀ sí àwọ̀ tí ẹnu ń jẹ, Ìyá Oníwàrà sì ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣòwò pẹ̀lú àwọ̀ kejì yìí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a po ìyẹ̀fun, a nà án, a sì tẹ̀ ẹ́. Ọyẹ́ bá wa ṣiṣẹ́. Ohun tó ń gba ọjọ́ kan gbáko ní Strasbourg, nínú ilé tí ooru ẹ̀rọ wà, gbẹ láàárín òru kan péré lábẹ́ aṣọ funfun tí a ta bò ó. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí a ti fi ìka kàn án, ojú rẹ̀ ti le bí èèpo ẹyin. Aládùúgbò wa kan tó ń ṣe búrẹ́dì gbà wá láyè láti lo ààrò rẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti kó búrẹ́dì òwúrọ̀ jáde, nígbà tí iná bá ti rọlẹ̀.

Nígbà tí a ń dúró de ààrò, a kó àwọ̀ jọ. Òdòdó iṣápá pupa, tí a fi ń ṣe bissap, ni a rẹ sínú omi díẹ̀ títí ó fi pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Àtalẹ̀ pupa ni a rin, tí a sì fún omi rẹ̀ fún àwọ̀ ìyeyè. Ewé ẹ̀fọ́ tútù ni a gún fún àwọ̀ ewé. Epo pupa wà nínú ìgò, kò sì níláti rin ọ̀nà jíjìn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí àwọn ọmọ béèrè búrọ́ọ̀ṣì, Ìyá ní kí wọ́n lọ mú orín. Wọ́n jẹ ẹnu orín náà títí ó fi tú bí irun, búrọ́ọ̀ṣì sì dé. Níkẹyìn, Ìyá wọ yàrá lọ, ó mú ìdì ewé gbígbẹ kan jáde tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ. Ewé tó ń wé mọ́ igi ọkà bàbà ni, irú ọkà bàbà kan tí wọ́n ń gbìn ní òkè ọ̀hún ní àríwá nítorí ewé yìí gan-an. Àwọn aláàgbo ń tà á fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Àwọn mìíràn ń fi í se ìrẹsì àti ẹ̀wà. Ìyá ń fi í pa wàrà láró.

Ó sọ ewé náà sínú omi gbígbóná, ó ju káún bíi ìdajì èékánná sí i, ó sì dé e. Nígbà tí ó ṣí i, omi náà ti pọ́n débi pé ìsàlẹ̀ ìkòkò kò hàn mọ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, a fẹ́ sọ òótọ́ fún yín: iṣẹ́ wa bàjẹ́ ju bí ó ti dára lọ. A kun ìdajì bisikíìtì náà kí wọ́n tó wọ ààrò, a fi ìdajì sílẹ̀ di ẹ̀yìn ààrò. Nínú àwọn tó kọ́kọ́ wọlé, iṣápá tó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ jáde ní àwọ̀ eérú tó fẹ́ jọ búlúù. Àwọ̀ ewé wọlé ní tútù, ó jáde bí ewé tó ti jábọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Epo pupa kò dúró síbi tí a fi í sí. Ó ràn káàkiri títí ẹyẹ àti òfurufú rẹ̀ fi di ọ̀kan náà. Àtalẹ̀ pupa dúró, ṣùgbọ́n níbi tí omi káún ti ta sí i, ó yí padà sí pupa dúdú. Àbíkẹ́yìn nínú àwọn ọmọ gbé ẹṣin rẹ̀ sókè, ó ní: “Ẹṣin mi ti kú.” Òmíràn nínú wọn sì ń sunkún nítorí ẹja rẹ̀.

Àwọ̀ kan ṣoṣo ni kò dà wá. Ibi gbogbo tí a ti fi omi ewé ọkà bàbà kùn, kí ó tó wọ ààrò tàbí lẹ́yìn rẹ̀, pupa ni ó wà.

Ìdí rẹ̀ kì í ṣe idán. Ohun tó ń mú iṣápá pọ́n àti ohun tó ń mú ewé ọkà bàbà pọ́n jẹ́ ẹbí kan náà lójú àwọn onímọ̀ kẹ́míkà. Ti iṣápá a máa yí padà bó bá ti bá ohun kíkan tàbí ohun tó dà bíi káún pàdé. Bí nǹkan bá kan, á pọ́n, bí káún bá wọ̀ ọ́, á di búlúù tàbí àwọ̀ ewé. Funfun ẹyin àti ohun tí a fi mú bisikíìtì wú jọ káún ní ìwà, ìdí nìyẹn tí iṣápá wa fi di eérú. Ti ọkà bàbà, tí wọ́n ń pè ní apigéninidine, ṣe aláìní ẹ̀yà kékeré kan tí àwọn ìbátan rẹ̀ ní, àìní náà gan-an ni ó sì fún un lágbára: iná, oòrùn àti káún kì í tètè borí rẹ̀. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Abomey-Calavi ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí ewé yìí àti lórí wàrà tí a fi í pa láró, wọ́n sì rí i pé omi gbígbóná tí a fi káún sí ni ó ń fa àwọ̀ jáde jù. Ìyá wa kò ka ìwé kankan nípa rẹ̀. Ìyá tirẹ̀ ni ó fi ìwọ̀n káún hàn án lórí èékánná.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, bí a ti jókòó yí iná ká, tí àwọn ọmọ ń jẹ ẹṣin tó ti kú láìbẹ̀rù, àbúrò wa obìnrin, ọmọ Ìyá, ẹni tó ń bá a tajà, tú ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ tí a kò retí.

“Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní, “ẹ ń yìn ewé yìí, ṣùgbọ́n òun ló ń pa ọjà wa.”

Ó ṣàlàyé. Láti bí ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn ni àwọn kan ti ń gbé àtíkè àwọ̀ kan wá sí ọjà, nínú ọ̀rá kékeré tí kò ní orúkọ lára. Bí a bá bu díẹ̀ sínú omi tútù, wàrà á pọ́n lójú ẹsẹ̀, á pọ́n ju ti ewé lọ, igi ìdáná á sì ṣẹ́kù. Ti ewé ń gba ìdáná, ó ń gba àkókò, owó ọkọ̀ ewé láti àríwá sì ń lọ sókè. Oníbàárà kò mọ ìyàtọ̀. Èyí tó bá pọ́n jù ni ojú rẹ̀ ń mú. Àbúrò wa ti bẹ Ìyá títí pé kí àwọn náà ra àtíkè, Ìyá kọ̀. Ó ní òun kò lè bu ohun tí òun kò mọ igi rẹ̀ sínú ohun tí ọmọ ọlọ́mọ yóò jẹ. Àbúrò wa dáhùn pé àwọn ọmọ tiwọn náà gbọ́dọ̀ jẹun. Ìyá kò fèsì. Ó ń wo iná.

Ìgbà náà ni ó yé wa pé ọ̀rọ̀ tí a rò pé a mú wá láti ṣeré ti wà nínú ilé náà kí a tó dé. Àwọ̀ tí ojú ń jẹ ti wọ inú oúnjẹ ẹnu, ẹni tó ń ṣe é bó ṣe yẹ ni ó sì ń san gbèsè rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, Ìyá mú wa lọ sí gáà àwọn Fúlàní tó wà lọ́nà oko, lọ́dọ̀ obìnrin tí wọ́n ti jọ ń ṣòwò láti ìgbà tí àbúrò wa kò tíì rìn. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni àárín àgbẹ̀ àti darandaran ń dùn ní ẹkùn wa. Màlúù ń wọ oko ẹ̀gẹ́, ọ̀rọ̀ á sì di ẹjọ́. Ṣùgbọ́n wàrà ti so àwọn obìnrin méjèèjì yìí pọ̀ débi pé wọ́n ń kí ara wọn lédè méjì nígbà kan náà. Obìnrin náà ń ṣe wàrà lọ́wọ́ nígbà tí a dé. Ó ti gbé mílíìkì tútù kaná díẹ̀, ó fún omi ewé àti ọ̀pá bomubomu sí i, mílíìkì náà sì ń dì ní ṣíṣùṣíṣù. Ó ń bù ú sínú agbọ̀n kékeré kí omi lè sẹ́ kúrò. Agbọ̀n náà ni ó ń fún wàrà ní ìrísí tí gbogbo ọjà Bẹ̀nẹ̀ mọ̀, láti Parakou dé Kútọnu: roboto, pẹ̀lú ojú agbọ̀n lára rẹ̀.

Àkọ́bí àwọn ọmọ wa ni ó kọ́kọ́ rí i. Ó ní èdè Faransé pé agbọ̀n náà ń tẹ àwòrán, gẹ́gẹ́ bí pátákó. Gbogbo wa dákẹ́. Àbúrò wa ni ó fa pátákó náà yọ nínú àpò, tí ó fi omi gbígbóná ṣàn án, tí ó sì bẹ ìyá Fúlàní náà pé kí ó jẹ́ kí òun dán an wò. Ó tẹ wàrà tútù kan, tí omi rẹ̀ kò tíì sẹ́ tán, mọ́ ojú òdòdó, ó fi òkúta lé e lórí. Nígbà tí a ṣí i lẹ́yìn wákàtí kan, òdòdó wà lójú wàrà, ewé rẹ̀ pé mẹ́fà.

A gbé e délé, a sì sè é nínú omi ewé ọkà bàbà. Wàrà tiwa kì í yọ́ lórí iná bí wàràkàṣì àwọn òyìnbó. Ìdí nìyẹn tí a fi lè sè é, tí a lè dín in, tí a sì lè fi í sínú ọbẹ̀ bí ẹran. Nítorí náà òdòdó náà kò parẹ́. Ibi tó ga pọ́n díẹ̀, ibi tó jìn pọ́n jù, àwòrán náà sì hàn kedere ju ti bisikíìtì wa lọ. Àbúrò wa gbé e sọ́wọ́ fún ìgbà pípẹ́ kó tó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ní bí wàrà ewé bá ní òǹtẹ̀, oníbàárà á lè dá a mọ̀ lára wàrà àtíkè. Ẹni tó bá ní kò dùn mọ́ òun á mọ ẹni tí òun yóò bá wí.

Ìyá ní ọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n kí a tó gbé pátákó àlejò lọ sójú ọjà, kí a lọ bá agbẹ́gilére.

Àgbà agbẹ́gilére tí a lọ bá ti gbẹ́ ojú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ púpọ̀ láyé rẹ̀. Ó yẹ pátákó náà wò lẹ́yìn, lójú, ní ẹ̀gbẹ́, ó sì bú sẹ́rìn-ín nígbà tí ó rí ẹyẹ. “Ẹyẹ lórí oúnjẹ,” ó ní, “ní ilẹ̀ yìí? Ta ni yóò rà á lọ́wọ́ yín?” Kò ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì pọn dandan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ẹyẹ kì í ṣe ẹyẹ lásán. Àwọn ìyá wa ni ó ni í, a kì í sì fi í ṣeré nídìí ohun jíjẹ. Ohun tó jẹ́ ọ̀ṣọ́ lásán ní ẹ̀bá odò Rhin di ọ̀rọ̀ ńlá ní Takon. A fi ọwọ́ bo ẹnu.

Òun fúnra rẹ̀ ni ó mú ìmọ̀ràn wá: kí a fín ṣírí ọkà bàbà. Ohun tó pa wàrà láró ni kí ó jẹ́rìí fún un. Ó yan igi ọsàn tó ti gbẹ dáadáa, nítorí pé ó le, ara rẹ̀ dán, kò sì ní òórùn tí yóò wọ oúnjẹ. Iṣẹ́ náà kò rọrùn fún un bí a ṣe rò. Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ gbẹ́ ohun tó ń yọ síta níláti kọ́ bí a ṣe ń gbẹ́ ohun tó ń wọlé. Níbi tí imú ère yóò ti ga ni pátákó yóò ti jìn. Ohun tó wà lápá ọ̀tún ni yóò bọ́ sí apá òsì. Ó mọ amọ̀ mọ́ ojú igi náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láti wo bí yóò ṣe rí, ó ń gbẹ́, ó ń mọ amọ̀, ó sì ń bú ara rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ó parí. Ó gba owó díẹ̀, ó sì ní kí a mú wàrà àkọ́kọ́ wá fún òun.

A ṣì wà ní Takon nígbà tí ọjà pé. Àbúrò wa to wàrà ewé sí apá kan igbá, ìṣù mẹ́rìnlá, ṣírí ọkà bàbà lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ìsọ̀ tó wà níwájú, wàrà àtíkè pọ́n bí aṣọ ọdún. A kò ní parọ́ pé ọjà náà yí padà lọ́jọ́ kan. Àwọn kan dá wa dúró, wọ́n béèrè iye rẹ̀, wọ́n sì kọjá sí ìsọ̀ iwájú. Ọkùnrin kan béèrè bóyá oògùn ni wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀, ó sì lọ kí a tó dáhùn. Obìnrin kan tó gun zémidjan ti Ṣakẹ́tẹ́ wá gbé ọ̀kan sókè, ó yí i padà, ó gbọ́ òórùn rẹ̀.

“Kí ni èyí?” ó ní.

“Ọkà bàbà ni, ẹ̀gbọ́n mi,” àbúrò wa dáhùn. “Òun la fi pa á láró. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́ tí ó bá ṣí, ẹ dá a padà.”

Obìnrin náà ra méjì. Nígbà tí oòrùn fi yí, mẹ́sàn-án ti lọ. Ọ̀kan lọ sí ilé agbẹ́gilére. Mẹ́rin tó kù ni Ìyá tún sè ní alẹ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣe sí wàrà tí kò tà láti ọdún yìí wá, nínú omi ewé tuntun.

Ní àárọ̀ tí a fẹ́ padà, àwọn ọmọ fẹ́ kí a fi pátákó Alsace sílẹ̀ fún Ìyá. Ó kọ̀, ó ní òun ti ní tòun. Kí wọ́n gbé tiwọn lọ, kí wọ́n máa fi ṣe ọdún. Ṣùgbọ́n ó di ewé ọkà bàbà ní ìdì mẹ́ta fún wọn, ó sì so èékánná káún mọ́ ọn nínú bébà, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé kó má ju ìdajì lọ. Àbíkẹ́yìn béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ẹṣin òun kò ní kú mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Ìyá ní kí ó kùn ún ní pupa.

Ọkọ̀ wa ti fẹ́ dé Àjàṣẹ́ nígbà tí a ṣàkíyèsí pé ìka gbogbo wa ṣì pọ́n. A ti fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, a ti fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọsàn. A kò mọ èyí tó jẹ́ ti ewé nínú rẹ̀ mọ́, àti èyí tó jẹ́ ti ilẹ̀ Takon.